Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Èwo Nínú Ọkọ̀ Onígbòkun Méjì Yìí Ni Kí N Rà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì ní Southampton ni mo kọ́ bí a ṣe ń tu ọkọ̀ onígbòkun, mo sì gba ìwé ẹ̀rí Level 2 ti RYA, ẹgbẹ́ àpapọ̀ àwọn atukọ̀ ìgbafẹ́ nílẹ̀ yìí. Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́, ọkọ àti ọmọ kò fún mi láyè mọ́. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo di ìtọ́kọ̀ mú kẹ́yìn. Àwọn ìbejì mi ti pé ọdún 11 báyìí, itòsí odò Medway ní Kent là ń gbé, ọkàn mi sì ti padà sórí omi. Mo ti rí àlòkù méjì: Mirror onípákó kan, £350, àti Wayfarer onífáíbà kan, £1,100, pẹ̀lú tírélà rẹ̀. Bàbá wọn ní kí n ra èyí tó rọjú. Èwo ni kí n mú, kí ni kí n sì yẹ̀ wò?
Ìyá Ìbejì, Kent

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìmúra o. Inú mi dùn sí lẹ́tà yín gan-an ni. Wayfarer ni kí ẹ rà, tí ara rẹ̀ bá le, tí ẹ bá sì ti mọ ẹni tó máa bá yín fà á.

Ẹ má gbọ́ ọ kí ẹ ní mo fojú tín-ín-rín Mirror. Ọdún 1962 ni Barry Bucknell àti Jack Holt ṣe é, ìwé ìròyìn Daily Mirror sì gbé e lárugẹ kí mẹ̀kúnnù lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ó nílé. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ àti ìgbòkun pupa rẹ̀ ti wá. Ara rẹ̀ kò ju kílò 46 lọ, orí mọ́tò lásán lè gbé e. Ṣùgbọ́n èèyàn méjì ló gbà dáadáa. Táyé àti Kẹ́hìndé ti ń dàgbà, ta lẹ máa fi sílẹ̀ ní etí odò?

Ẹ sọ fún Bàbá Ìbejì pẹ̀lú pé £350 yẹn lè má dúró síbẹ̀. Wáyà bàbà ni wọ́n fi rán pákó Mirror pọ̀, wọ́n wá fi téèpù fáíbà lẹ ojú ìránpọ̀ náà. Níbi tí téèpù bá ti ṣí, omi á máa wọ inú pákó, ọ̀dà tuntun á sì bò ó mọ́lẹ̀.

Ti Wayfarer yàtọ̀. Ian Proctor ló ṣe é ní 1957, ó gùn tó mítà 4.82, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jókòó dáadáa, kì í sì í tètè dojú dé. Irú rẹ̀ ni Frank Dye tù láti Scotland dé Iceland ní 1963, ọkọ̀ tí kò ní òrùlé! Wàhálà rẹ̀, orí ilẹ̀ ló wà: kílò 169 ni, láìka òpó àti ìgbòkun. Ẹ̀yin àti ọmọ méjì kò lè fà á gòkè. Medway náà kì í dúró de èèyàn. Bí omi bá ti fà, ẹrẹ̀ ló máa kù ní ọ̀pọ̀ ibi. Nítorí náà, kí ẹ tó wo ọkọ̀ rárá, ẹ lọ sí ẹgbẹ́ atukọ̀ tó bá sún mọ́ yín, kí ẹ wo etí omi wọn, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ń ran ara wọn lọ́wọ́. Ọkọ̀ tí kò rọrùn láti gbé dé omi, ẹ̀yìnkùlé ni yóò máa gbé.

Ọjọ́ tí ẹ bá lọ wò ó, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì àti òwú dání. Ẹ ṣí ìdérí àpótí afẹ́fẹ́ iwájú àti ti ẹ̀yìn, kí ẹ tan iná sínú wọn. Àwọn àpótí yìí ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ rì tó bá dojú dé. Omi tó bá dúró níbẹ̀, ẹ béèrè ibi tó gbà wọlé. Ẹ fi èèkù ọ̀bẹ máa kan ilẹ̀ inú rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ àpótí pákó àárín, ìyẹn pákó tí a ń sọ̀ kalẹ̀ sínú omi kí ọkọ̀ má bàa máa yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibi tó le á máa dún kó-kó-kó. Ibi tí fáíbà ti ń ṣí kúrò lára ara rẹ̀, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀, bọ̀-bọ̀-bọ̀. Ẹ gun orí rẹ̀ pẹ̀lú. Kò yẹ kó máa tẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi òwú nu àwọn wáyà tó di òpó mú láti òkè dé ìsàlẹ̀. Níbi tí òwú bá ti há, ẹ̀ka wáyà ti já níbẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ lásán ṣe é, á gún yín.

Ẹ fi nọ́ńbà tó wà lára ìgbòkun wé ti ara ọkọ̀. Tí wọn ò bá bára mu, ó lè jẹ́ pé ìgbòkun ọkọ̀ mìíràn ni, ṣùgbọ́n ẹ béèrè ìtàn rẹ̀ kí ẹ sì gba rìsíìtì, torí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré báyìí kò ní ìwé kankan. Tírélà ńkọ́? Ẹ gbé táyà rẹ̀ kúrò nílẹ̀ kí ẹ yí i. Tó bá ń han, omi iyọ̀ ti jẹ bẹ́árìn rẹ̀. Ìwé ìwakọ̀ mọ́tò lásán tó láti fà á.

Ìwé ẹ̀rí RYA yín kì í kú, àmọ́ ọwọ́ máa ń gbàgbé. Ẹ bẹ ẹgbẹ́ náà kí ẹ tu Wayfarer tiwọn pẹ̀lú olùkọ́, kí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ sì gbé e dìde. Àwọn ìbejì gbọ́dọ̀ ṣe é pẹ̀lú yín, nínú aṣọ omi tútù àti aṣọ amúniléfòó tó bá wọn mu. Ẹ so bọ́ọ̀lù afẹ́fẹ́ mọ́ ṣóńṣó òpó. Nínú Medway, òpó tó bá kọjú sísàlẹ̀ lè gún ẹrẹ̀ kó há síbẹ̀.

Ní ti £1,100, ẹ dúnàá-dúrà. Ìgbòkun tó ti rọ̀ bí aṣọ ìnujú, owó ńlá ni láti pààrọ̀ rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iye náà. Ẹ ní kí olówó ọkọ̀ gbé òpó dúró kó sì ta ìgbòkun lójú yín. Bó bá ní òun ò ráyè, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Ẹ máa wá òmíràn, Wayfarer pọ̀ nílẹ̀ yìí.