Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Májèlé inú oògùn jẹjẹrẹ ọmú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Dókítà kọ Kadcyla fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọmú. Wọ́n ní májèlé wà nínú rẹ̀. Báwo ni kò ṣe ní pa wọ́n?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, májèlé ni. Ara maytansine ló ti wá, èyí tí Morris Kupchan àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí lára igi kékeré kan ní Ethiópíà, tí wọ́n sì kéde ní 1972. Nígbà tí wọ́n fún àwọn aláìsàn ní òun nìkan, ìyà tó fi jẹ wọ́n ju àǹfààní rẹ̀ lọ: èébì, ìgbẹ́ gbuuru, iṣan ìmọ̀lára tó bàjẹ́.

Ohun tó sọ ọ́ di oògùn ni pé wọ́n so ẹ̀yà rẹ̀ kan, DM1, mọ́ trastuzumab, áńtíbọ́dì (èròjà purotéènì tó máa ń dá ohun kan pàtó mọ̀) tó máa ń lẹ̀ mọ́ HER2, purotéènì kan tó wà lójú sẹ́ẹ̀lì. HER2 wà níwọ̀nba lára sẹ́ẹ̀lì gbogbo wa, àmọ́ ó pọ̀ rẹpẹtẹ lára àwọn jẹjẹrẹ ọmú kan. Bí áńtíbọ́dì bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, sẹ́ẹ̀lì á gbé e mì, á dà á, DM1 á wá bọ́ sílẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì náà lè pín sí méjì mọ́. Ibi ìsopọ̀ gan-an ni ọgbọ́n wà. Bó bá dẹ̀, májèlé á ti jò sínú ẹ̀jẹ̀ kó tó débẹ̀. Ti Kadcyla le débi pé àfi kí sẹ́ẹ̀lì kọ́kọ́ da áńtíbọ́dì náà tán.

Síbẹ̀, díẹ̀ máa ń ṣìnà. Ẹ̀dọ̀ àti plátẹ́lẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ló sábà máa ń fara gbá a. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò kí wọ́n tó gba ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta. Bí imú bá ń ṣẹ̀jẹ̀ tí kò dá, tàbí tí ẹyinjú di yẹ́lò, ẹ má dúró de ọjọ́ tí dókítà dá.

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀sì ni mí. Bí omi iyọ̀ bá tán, ṣé a lè fi omi ṣúgà po Kadcyla?

Ìdáhùn: Rárá o. Áńtíbọ́dì náà á ṣù pọ̀ nínú dextrose 5%, ìyẹn omi ṣúgà. Omi iyọ̀ 0.9%, 250 mL, ni kí ẹ lò. Ẹ má ṣì í mú fún Enhertu, oògùn jẹjẹrẹ mìíràn tí áńtíbọ́dì wà nínú rẹ̀, tí dextrose 5% ni tirẹ̀.

Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 3.6 mg fún kílò kan. Ẹni tó bá wọn kílò 65 á gba 234 mg. Ẹ fi omi abẹ́rẹ́ 5 mL sínú ìgò 100 mg, 8 mL sínú ti 160 mg. Ẹ rọra yí i, ẹ má gbọ̀n ọ́n. Ó ti di 20 mg nínú 1 mL nìyẹn, 11.7 mL lẹ ó fà. Àsẹ́ 0.2 micron gbọ́dọ̀ wà lójú ọ̀nà dríìpù. Ti àkọ́kọ́ á gba ìṣẹ́jú 90, ẹ ó sì ṣọ́ aláìsàn fún 90 mìíràn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka orúkọ ara ìgò lẹ́ẹ̀mejì. Trastuzumab lásán ni wọ́n ń fún ní 6 mg fún kílò kan. Bí ẹ bá fi ìwọ̀n yẹn fún Kadcyla, ẹ ti fún aláìsàn ní májèlé àpọ̀jù.

Ìbéèrè: Wọ́n ní ricin inú èso lárà ń pa jẹjẹrẹ. Ṣé kí bàbá wa máa jẹ ẹ́ ní tútù?

Ìdáhùn: Ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn! Bí ricin ṣe ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà ló ń pa ti ìfun, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín. Kódà nígbà tí àwọn onímọ̀ so ó mọ́ áńtíbọ́dì, omi ń jò kúrò nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn, ara wọn ń wú. Bí bàbá bá ti jẹ ẹ́, ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lónìí, bí ara wọn tilẹ̀ ṣì le, torí èébì lè má bẹ̀rẹ̀ àfi lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Ẹ mú èyí tó kù nínú èso náà dání.