Ṣé dandan ni kí a gbàwé àṣẹ ọlọ́pàá kí a tó wọ́de?

Ìbéèrè: Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa obìnrin ọlọ́jà fẹ́ wọ́de láti Ọjà Ọba lọ sí Alágbàkà lórí owó ìsọ̀ tí wọ́n fi kún. Ọ̀gá ọlọ́pàá kan ní bí a kò bá gbàwé àṣẹ, tajútajú la máa jẹ. Ṣé òfin gbà bẹ́ẹ̀? (Ẹlẹ́lùbọ́ kan, Àkúrẹ́)

Ìdáhùn: Ìyá mi, òfin ò gbà bẹ́ẹ̀. Ní 2003, ọlọ́pàá fi tajútajú tú ìpàdé ẹgbẹ́ òṣèlú ANPP ká ní Kánò. Ẹjọ́ dé Kòtẹ́milọ́rùn, àwọn adájọ́ sì sọ ní 2007 pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ ọlọ́pàá kó tó kóra jọ ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Abala 40 ìwé òfin 1999 ló fún yín lẹ́tọ̀ọ́ náà. Abala 83 nínú Òfin Ọlọ́pàá 2020 tún ní bí ẹ bá ti fi tó wọn létí, kí wọ́n kó ọmọọṣẹ́ wá dáàbò bò yín.

Ẹ gbọ́ o, mo ní ẹ fi tó wọn létí, n ò ní ẹ bẹ̀ wọ́n. Ẹ kọ ọjọ́, aago àti ọ̀nà tí ẹ máa gbà sínú lẹ́tà. Ẹ mú ẹ̀dà kejì dání, kí ẹni tó gbà á ní káńtà buwọ́ lù ú, kó sì tẹ òǹtẹ̀ lé e. Ẹjọ́ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ rí nítorí òǹtẹ̀ lásán.

Bí àwọn jàǹdùkú bá wọ àárín yín, tí òkò ń fò, ọlọ́pàá lè lo agbára, àmọ́ ìwọ̀n tí ọ̀rọ̀ náà gbà ni. Ètò tó wà nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn ni pé kí ọ̀gá wọn kéde pé kí ẹ túká, kó sì fún yín láyè tó mọ́gbọ́n dání. Ìbọn kì í ṣe ohun ìtúniká rárá; ìlànà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti 1990 fi í mọ sí ibi tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu.

Bí tajútajú bá balẹ̀, ẹ sá kọjú sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ bọ̀. Ẹ má fọwọ́ ra ojú, omi tó mọ́ ni kí ẹ fi ṣàn án. Agolo rẹ̀ máa ń gbóná gan-an, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ yà á ní fọ́tò, kí ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ hàn ketekete. Ẹni tó bá fara pa, kó gba ìwé dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.

Tí wọ́n bá sì mú ẹnikẹ́ni, abala 35 ìwé òfin 1999 ní kí wọ́n gbé e dé kóòtù láàárín ọjọ́ kan bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40. Ní Àkúrẹ́ níbí, a ò rìn tó bẹ́ẹ̀ ká tó kan kóòtù.