Ilẹ̀ mi ti ṣá: ṣé kí n ṣán igbó tuntun ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àgbẹ̀ ni mí ní Ìkòyí-Ilé, lágbègbè Ògbómọ̀ṣọ́. Eéka méjì ni mo fi ń gbin àgbàdo lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n àpò tí mò ń kó níbẹ̀ ń dín kù. Àwọn ọmọ mi gbọ́ lórí rédíò pé èèyàn ń pọ̀ sí i láyé, oúnjẹ ò ní í kárí. Wọ́n ní kí n ṣán igbó tí baba mi fi sílẹ̀, kí oko lè fẹ̀. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Bàbá wa, ẹ má tíì yọ àdá sí igbó yẹn. Òótọ́ ni pé èèyàn ń pọ̀ sí i. Oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní èèyàn orí ilẹ̀ ayé pé bílíọ̀nù 8, wọ́n sì ń retí nǹkan bíi bílíọ̀nù 9.7 ní ọdún 2050. Ṣùgbọ́n ẹ wo èyí: hẹ́kítà kan, ìyẹn bí eéka méjì ààbọ̀, ń mú àgbàdo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 11 jáde ní Amẹ́ríkà, tiwa ní Nàìjíríà kì í sábà ju bíi 2 lọ. Orí ilẹ̀ tí a ti ń ro ni oúnjẹ tí à ń wá wà. Bí ẹ bá ṣán igbó, tí ẹ sì ń ro ó bí ẹ ṣe ń ro ti àtijọ́, kò ní í pẹ́ tí òun náà á fi ṣá.

Àgbàdo ń kó oúnjẹ inú ilẹ̀ lọ lọ́dọọdún, pàápàá nítírójìn, ẹnikẹ́ni ò sì dá a padà. Àwọn baba wa máa ń fi ilẹ̀ sílẹ̀ kó sinmi. Ẹ̀wà lè bá yín ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ ìsinmi yẹn. Àwọn kókó kéékèèké wà lára gbòǹgbò rẹ̀. Àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí ló ń gbénú wọn, tí wọ́n ń fa nítírójìn látinú afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá ti kórè àgbàdo àkọ́rọ̀, ẹ gbin ẹ̀wà síbẹ̀ ní ìparí oṣù Kẹjọ, kí òjò àrọ̀kúrò bá a. Tó bá tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ rọra hú ìdí kan, kí ẹ fi èékánná la kókó rẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Tí ẹ bá ká ẹ̀wà tán, ẹ jẹ́ kí ewé àti ìtàkùn rẹ̀ jẹrà sórí ilẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má sun ún. Ó máa ń dùn mí dọ́kàn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí mo bá rí i tí èéfín gba ojú oko lọ́nà Ọ̀yọ́.

Ẹ tún wá ìgbẹ́ adìyẹ, ṣùgbọ́n ẹ kó o jọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ooru rẹ̀ kúrò. Tútù rẹ̀ a máa jó irúgbìn. Tó bá jẹ́ yùríà, ìyẹn ajílẹ̀ òyìnbó tó ní nítírójìn, lẹ rà, ẹ má fọ́n ọn sójú ilẹ̀. Ẹ gbẹ́ ihò kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí àgbàdo, kí ẹ bò ó, torí èyí tó bá wà ní gbangba ń bá afẹ́fẹ́ lọ.

Kí ẹ tó rọ àgbàdo sápò, ẹ da díẹ̀ pẹ̀lú iyọ̀ gbígbẹ sínú ìgò tó gbẹ, kí ẹ mì í dáadáa. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, àgbàdo ò tíì gbẹ nìyẹn, ẹ tún un sá.

Eéka kan ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa ro èkejì bí ẹ ṣe ń ro ó tẹ́lẹ̀, kí àwọn ọmọ fúnra wọn ka àpò méjèèjì nígbà ìkórè àgbàdo ọdún tó ń bọ̀.