Ìbéèrè Yín Lórí Iṣẹ́ Igi: Kíláǹpù Mélòó Ló Tó Ẹni?

Kíláǹpù, irin tí a fi ń di igi mọ́ra títí gọ́ọ̀mù á fi gbẹ, ló gba iwájú nínú lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí láti Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Ibi kan náà ni ìdáhùn wa fì sí: ẹ má ra kíláǹpù torí pé ẹ rí i lórí káńtà, iṣẹ́ tó ń bọ̀ lọ́wọ́ yín ni kí ẹ rà á fún. Ẹ má sì retí pé kí ó bá yín tún ìsopọ̀ tí kò gún ṣe.

Mo ní ṣẹ́ẹ̀dì kékeré lẹ́yìnkùlé, níbi tí mo ti ń ṣe àpótí ìjókòó àti tábìlì lópin ọ̀sẹ̀. Kíláǹpù G méjì péré, àwọn tó rí bíi lẹ́tà G, ni mo ní. Ẹnìkan ní kí n ra odindi páálí tí oríṣiríṣi wà nínú rẹ̀. Mélòó gan-an ló yẹ kí n ní, èwo ni kí n sì kọ́kọ́ rà? (Òṣìṣẹ́ ìjọba, Ìjọ́kà, Àkúrẹ́)

Ẹ fi páálí yẹn sílẹ̀. Kéékèèké tí kò lè di ojú tábìlì mú ló máa ń pọ̀ nínú rẹ̀, pẹ̀lú méjì tàbí mẹ́ta tó gùn tí kò sì bára mu. Mẹ́rin tó jọra wúlò ju mẹ́wàá tí kò jọra lọ: ẹnu wọn ga dọ́gba, ọwọ́ yín á sì tètè mọ bí wọ́n ṣe ń le tó.

Ní ti iye, ẹ wo bí agbára kíláǹpù ṣe ń rìn nínú igi. Láti ibi tí ẹnu rẹ̀ ti kan pákó, ó ń fẹ̀ lọ sọ́tùn-ún sósì bí abẹ̀bẹ̀ tí a ṣí, ní nǹkan bí 45 dígírì. Bí pákó tó wà létí bá fẹ̀ ní íńṣì 6, kíláǹpù kan á tẹ nǹkan bí íńṣì 12 lójú gọ́ọ̀mù. Bí pákó náà bá jẹ́ íńṣì 2 péré, íńṣì 4 ni kíláǹpù kan náà máa tẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ojú tábìlì tí a fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe fi máa ń là létí, tí onígi á sì máa bú gọ́ọ̀mù. Ẹ fi igi 2 × 3 tó gún régé sáàárín ẹnu kíláǹpù àti etí pákó, kí íńṣì 3 rẹ̀ wà ní ìbú. Agbára náà á ti fẹ̀ nínú igi yẹn kó tó dé ojú gọ́ọ̀mù, íńṣì 4 á sì di 10. Igi yẹn kò wọ́n, kíláǹpù ló wọ́n.

Nítorí náà, ojú tábìlì onífíìtì 4 tí a fi pákó oníńṣì 6 ṣe gba kíláǹpù márùn-ún: ọ̀kan ní íńṣì 2 sí 3 sí orí kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta láàárín. Fíìtì 6 gba méje.

Kíláǹpù F (tó rí bíi lẹ́tà F, tí apá kan rẹ̀ ń rìn lórí irin gígùn) mẹ́rin tó gùn ní íńṣì 24 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Àpótí ìjókòó, dúrọ́ọ̀, férémù dígí, gbogbo wọn ló wọ inú rẹ̀. Mẹ́rin oníńṣì 12 ló tẹ̀ lé e. Ìgbà tí iṣẹ́ tábìlì ńlá bá dé ni kí ẹ tó ra sáàṣì-kíláǹpù (onírin pẹlẹbẹ gígùn tó ní ihò) tàbí onípáìpù (orí kíláǹpù tí a dè mọ́ páìpù irin) márùn-ún tó gùn ní fíìtì 4 sí 5. G méjì tí ẹ ní ti tó láti fi di iṣẹ́ mọ́ bẹ́ǹṣì. Kíláǹpù oníbẹ́líìtì, àfi bí ẹ bá ń ṣe àga. Àwọn tó dà bí ìpáàṣọ, tí sípíríǹgì ń tì, kò lágbára tó ń so igi pọ̀. Ẹ jẹ́ kó wà níbi tó wà.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ má kàn wò ó lójú. Ẹ gbé irin gígùn rẹ̀ sójú bí ẹni ń wo pákó bóyá ó wọ́. Ẹ yí síkúrù rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Bí ẹnu méjèèjì kò bá pàdé ara wọn dọ́gba, á máa ti iṣẹ́ yín sẹ́gbẹ̀ẹ́. Eyín síkúrù tó nípọn tó sì jìnnà síra ló ń pẹ́. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ti bóòtì lásán á jẹ kíákíá. Ẹ mú ègé igi dání, kí ẹ fún un mọ́ ọn níwájú ẹni tó ń tà á. Bí apá tó ń rìn bá yọ̀, ẹ dá a padà. Nínú tòkúnbọ̀, ẹ wo ìgbùnwọ́ kíláǹpù G dáadáa: ibẹ̀ ni irin dídà ti máa ń sán, ọ̀dà tuntun sì lè bo ìlà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun.

Ẹ̀gbọ́n mi fi orí kíláǹpù onípáìpù mẹ́rin ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, ti íńṣì ¾. Púlọ́mbà àdúgbò ní ẹnu páìpù tiwa kò bá tiwọn mu. Ṣé kí n tà wọ́n? (Ọ̀bá-Ilé, lẹ́bàá Àkúrẹ́)

Púlọ́mbà yín kò parọ́, ọ̀rọ̀ omi ló ń sọ. Igun eyín páìpù Amẹ́ríkà jẹ́ 60 dígírì, ti ìlànà Gẹ̀ẹ́sì tí a ń lò níbí jẹ́ 55. Omi á jò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kíláǹpù kì í gbé omi. Lórí íńṣì ½ àti ¾, eyín 14 ló wà nínú íńṣì kan fún méjèèjì, torí náà orí yẹn á wọlé. Ó lè le bó bá rìn díẹ̀. Bó bá ti mú eyín 5 tàbí 6, ẹ má fi agbára kún un mọ́. Íńṣì 1 nìkan ni kò ní gbà: 11½ ni tiwọn, 11 ni tiwa.

Páìpù irin tó nípọn ni kí ẹ rà. Páìpù wáyà iná àti ti àga irin fẹ́lẹ́ jù, kò sí ibi tí a fẹ́ gé eyín sí. Dúdú ló dára jù, torí pé àwọn abala irin kéékèèké tó wà nínú ẹnu tó ń rìn máa ń yọ̀ lórí gàfáníìsì, ìyẹn páìpù dídán tí a fi síńkì bò. Bí ó bá jẹ́ gàfáníìsì ni ẹ rí, ẹ fi sáńpépà líle ha á yí ká títí dídán rẹ̀ á fi lọ. Páìpù kan máa ń gùn ní mítà 6. Ẹ ní kí wọ́n gé e sí mẹ́rin oní-mítà 1½, kí wọ́n gé eyín sí orí méjèèjì. Orí kejì yẹn ni ẹ máa de sókẹ́ẹ̀tì (ìsopọ̀ páìpù tó ní eyín nínú) sí, kí ẹnu tó ń rìn má baà já sílẹ̀ lu yín lẹ́sẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀dì, sókẹ́ẹ̀tì yẹn náà lẹ máa fi so páìpù méjì pọ̀ di mítà 3. Íńṣì ½ ń tẹ̀ bó bá ti ju mítà kan lọ. Inú wa dùn pé ¾ ni wọ́n fi ránṣẹ́.

Mo so pákó ìrókò márùn-ún pọ̀. Nígbà tí mo tú kíláǹpù, gbogbo rẹ̀ ti ká sí ẹ̀gbẹ́ kan, pákó kan ga ju èkejì lọ, àmì dúdú sì wà níbi tí irin ti kàn án. Mo fún un dáadáa o. (Yàbá, Oǹdó)

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fífún yẹn gan-an ló fà á. Bí gbogbo kíláǹpù bá wà lábẹ́, agbára wọn kì í gba àárín ìnípọn pákó kọjá, ẹ̀gbẹ́ kan ló máa ń fà á sí. Ẹ gbé ọ̀kan sábẹ́, ọ̀kan sókè, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí àárín síkúrù dọ́gba pẹ̀lú àárín ìnípọn pákó. Láti àárín ni kí ẹ ti máa fún un lọ sí orí méjèèjì. Bí gọ́ọ̀mù bá ti yọ wẹ́wẹ́ jákèjádò ìlà, ó ti tó. Bí ó bá gba kí ẹ fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn kí àlàfo tó pa dé, ẹ tú u, kí ẹ padà sídìí ìfági. Ẹ dì í láìfi gọ́ọ̀mù sí i ná: bí ọwọ́ lásán kò bá fẹ́rẹ̀ẹ́ lè pa á dé, etí pákó kò tíì gún. Kí igun rẹ̀ má baà dà yín láàmú, ẹ pa pákó méjì tó máa fẹnu kora dé bí ìwé, kí ẹ fági etí méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ibi tí ọ̀kan bá ti fì, èkejì á fì sí òdìkejì, wọ́n á sì bára mu bí ẹ bá ṣí wọn.

Pákó tó ga ju ara wọn lọ, igi ìtẹ̀ ni oògùn rẹ̀. Ẹ gé igi líle 2 × 2 kí ó fi íńṣì 2 gùn ju ìbú ojú tábìlì lọ lápá méjèèjì. Ẹ fági ojú kan rẹ̀ kí àárín fi mìlímítà 1 sí 2 ga ju orí méjèèjì lọ, ojú yẹn ni ẹ máa kọ sí pákó. Ọ̀kan lókè, ọ̀kan lábẹ́, kíláǹpù F ní orí méjèèjì: bí orí bá ti ń wálẹ̀, àárín á ti tẹ pákó. Ẹ fi ọ̀rá píọ́wọ́tà wé e, gọ́ọ̀mù funfun kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn igi ìtẹ̀ ni ẹ kọ́kọ́ máa fún díẹ̀, kí ẹ tó fún àwọn kíláǹpù gígùn le.

Àmì dúdú: irin, omi inú gọ́ọ̀mù àti oje ìrókò ló pàdé. Ọ̀gànwó náà máa ń ṣe é. Ọ̀rá píọ́wọ́tà kan náà lábẹ́ irin kì í jẹ́ kó ṣẹlẹ̀. Èyí tó ti wà nílẹ̀, ẹ fi ìfági gbìyànjú. Bí ó bá jìn, oxalic acid tí a pò mọ́ omi gbígbóná á mú un lọ, ṣùgbọ́n májèlé ni, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì fi omi fọ igi náà lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ti àkókò, gọ́ọ̀mù funfun ń fún yín ní bí ìṣẹ́jú 10 láti ìgbà tí ẹ bá ti fi pa á. Lọ́sàn-án gangan tàbí lásìkò ọyẹ́, kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ nínú kíláǹpù fún wákàtí kan ó kéré tán, lásìkò òjò ẹ jẹ́ kó di méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ má sì fági ojú rẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Omi gọ́ọ̀mù ń mú kí igi wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà. Ẹni tó bá fági wíwú yẹn kúrò, kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ ló máa rí níbẹ̀ lẹ́yìn tí igi bá gbẹ.

Wẹ́dà bá mi ṣe sáàṣì-kíláǹpù mẹ́rin. Irin wọn ń tẹ̀, síkúrù sì ń há. Owó ti lọ. (Káfíńtà, Oǹdó)

Owó kò tíì lọ tán. Bí ẹ ṣe júwe rẹ̀ yìí, ó dà bíi pé wọ́n tẹ́ irin pẹlẹbẹ náà sílẹ̀ dípò kí wọ́n gbé e dúró. Irin oníńṣì 1½ tí ìnípọn rẹ̀ jẹ́ íńṣì ⅜, bí a bá gbé e dúró lórí etí rẹ̀, ó le ní ìlọ́po 16 ju bí a bá tẹ́ ẹ lọ. Irin kan náà, owó kan náà. Ẹ ní kí ó gé orí rẹ̀ kúrò kí ó tún un jó lọ́nà tó tọ́. Kí àárín síkúrù má jìnnà sí irin gígùn ju bí íńṣì kan lọ, torí bó bá ṣe ga tó ni yóò ṣe máa tẹ̀ ẹ́ tó.

Síkúrù tó ń há: nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ni wọ́n jó mọ́ ọn, tàbí kí iná ti fọ́n irin sínú eyín. Irin eléyín M16 (tó nípọn ní mìlímítà 16) ni kí ẹ lò, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì méjì tó fi íńṣì kan jìnnà síra. Ẹ jẹ́ kí irin eléyín náà wà nínú nọ́ọ̀tì méjèèjì nígbà tó bá ń jó wọn, kí ó fi aṣọ tútù wé eyín tó hàn síta. Àlàfo ihò tí pín-ìnì (irin tó ń di ẹnu tó ń rìn mú) ń wọ̀ gbọ́dọ̀ kéré ju ìrìn síkúrù lọ: ihò ní íńṣì 4 síra, síkúrù tó ń rìn íńṣì 5 ó kéré tán. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ kan á wà tí ihò yìí kúrú fún, tí ìyẹn sì gùn jù fún.

Kíláǹpù F mi ń yọ̀ bí mo bá fún un. (Òkè-Àró, Àkúrẹ́)

Ẹ nu òróró kúrò lára irin rẹ̀. Bó bá ṣì ń yọ̀, ẹ fi fáìlì ha etí irin náà, níbi tí apá tó ń rìn ti ń bù ú mú, títí á fi mú díẹ̀. Síkúrù nìkan ni kí ẹ máa fi òróró sí.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní FUTA, mo ń ṣe àga kékeré tà. Kò tíì sówó kíláǹpù. Kí ni mo lè lò? (Akẹ́kọ̀ọ́, Àkúrẹ́)

Igi àti túùbù. Ẹ mú 2 × 3 onífíìtì 4 tí igi rẹ̀ le, kí ẹ de ègé igi mọ́ orí kan pẹ̀lú bóòtì méjì. Ẹ lu ihò sí ìyókù ní íńṣì 3 síra, kí ègé kejì lè máa ṣí kiri pẹ̀lú bóòtì tirẹ̀. Ohun tó máa ń fún un ni wẹ́jì méjì tí a gé láti ara igi kan ṣoṣo: gígùn íńṣì 8, kí ó sì rẹ̀ sílẹ̀ ní íńṣì kan láti orí dé ìdí. Bó bá rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, á máa fò jáde bí ẹ bá ti lù ú. Ẹ fi méjèèjì kora wọn ní ìdàkejì, kí ojú tó kan iṣẹ́ lè gún, kí ẹ máa fi òòlù kékeré lù wọ́n wọlé láti ọ̀tún àti òsì.

Fún ẹsẹ̀ àga àti ohunkóhun tó yí ká, ẹ gba túùbù ọ̀kadà tó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ fọkanáísà. Ẹ gé e yípo yípo ní ìbú íńṣì kan, á fún yín ní okùn tó gùn dáadáa. Ẹ fọ ìyẹ̀fun inú rẹ̀ dànù. Ẹ máa nà án bí ẹ ṣe ń wé e, torí ìpele kọ̀ọ̀kan ló ń fi agbára kún èyí tó wà lábẹ́. Ìpele 6 tàbí 7 lè fún ẹsẹ̀ àga mọ́ ihò rẹ̀ pinpin. Lẹ́yìn tí ẹ bá wé e, ẹ fi tépù wọn igun sí igun lọ́nà méjèèjì. Bí ọ̀kan bá gùn ju èkejì lọ, ẹ tún túùbù kan wé gba ibi tó gùn kọjá títí wọ́n á fi dọ́gba. Ẹ má kó o sínú oòrùn, ẹ má sì jẹ́ kí bẹntiróòlù kàn án. Bó bá ti ń sán wẹ́wẹ́ bí ẹ bá nà án, ẹ lọ gba òmíràn.