Ìwé ló máa dá yín lágara, kì í ṣe ẹ̀sìn

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní ẹ ti tó mẹ́rìnlá lórí WhatsApp, Mùsùlùmí, Kristẹni àti ọmọ oníṣẹ̀ṣe kan, ẹ sì fẹ́ kí ilé-ìwé mọ̀ yín sí ẹgbẹ́ tó ń mú ẹlẹ́sìn oríṣiríṣi jókòó pọ̀. O ń bèèrè bóyá dandan ni kí ẹ ní staff adviser (òṣìṣẹ́ ilé-ìwé tó máa ń gba ẹgbẹ́ nímọ̀ràn) méjì, Mùsùlùmí kan, Kristẹni kan, àti ohun tí ẹ máa kọ sínú ìwé òfin ẹgbẹ́. Mo ti wà nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní yunifásítì ìjọba kan nílẹ̀ Yorùbá níbí. Èmi ni akọ̀wé kí n tó di alága, èmi náà ni mo ń gbé fáìlì kiri. Mi ò ní dárúkọ ilé-ìwé náà. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ nígbà yẹn á ti mọ̀ ọ́n.

Ìwé òfin kò le rárá. Ẹ tọrọ ti Red Cross tàbí ti ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú yín, ẹ wo bí wọ́n ṣe to tiwọn, ẹ kọ ète, oyè, ìdìbò àti owó tiyín, ó parí. Iṣẹ́ alẹ́ kan ni.

Fọ́ọ̀mù ni kí o bẹ̀rù.

Ní ilé-ìwé tiwa, oríṣi méjì ni fọ́ọ̀mù tí Student Affairs, ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ń fún ẹgbẹ́ tuntun. Ọ̀kan wà fún ẹgbẹ́ ẹ̀sìn, ọ̀kan fún gbogbo ẹgbẹ́ yòókù. Ti ẹgbẹ́ ẹ̀sìn ní ibi tí olórí ilé ìjọsìn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí. Obìnrin tó wà nídìí tábìlì wo orúkọ wa, ó rí “ẹ̀sìn” nínú rẹ̀, ó sì na ti ẹlẹ́sìn sí wa. A ṣàlàyé títí: a kì í ṣe ìjọ, a kì í wàásù, a ò gba ìdámẹ́wàá, a ò gba sàká. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, “Ẹ lọ kọ ọ́ kí ẹ mú un wá.” Bí a ṣe kó sí i nìyẹn.

Chaplain, ìyẹn olórí ṣọ́ọ̀ṣì ilé-ìwé, ní inú òun dùn sí wa gan-an, ṣùgbọ́n òun fẹ́ rí ọwọ́ Ìmáàmù kí òun tó fi tòun sí i. A gba mọ́sáláṣí lọ. Ìmáàmù, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó ní kí wọ́n fún wa lómi mu, ó ṣàdúà fún wa, ó wá ní kí chaplain kọ́kọ́ fọwọ́ sí i ná, kí ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí má baà bi òun léèrè. A padà sọ́dọ̀ chaplain. Ó ní òun ti sọ tòun. A tún padà sí mọ́sáláṣí. Kò sí èyí tó kọ̀ nínú wọn o! Ká ní ọ̀kan kọ̀ ni, à bá mọ ohun tí a máa bá jà. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín sí wa, “ẹ kú iṣẹ́, irú yín la fẹ́ ní orílẹ̀-èdè yìí,” bírò ò sì kan ìwé. Láti ẹnu ọ̀nà ọ̀kan o lè máa wo òrùlé ìkejì. Sẹmẹ́sítà kan gbáko lọ báyìí. Àwọn ọmọ tí a jọ bẹ̀rẹ̀ ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan kọ ọ́ sórí WhatsApp wa pé “ṣé ẹgbẹ́ ni àbí ẹgbẹ́ àwọn tó ń wá ọwọ́?” Mo bínú sí i lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ sọ?

Olùkọ́ kan ló gbà wá sílẹ̀. Ó ní kí a tẹ ẹ̀dà méjì fọ́ọ̀mù náà, kí àwa méjì lọ ní wákàtí kan náà, ẹnì kan sí ọ̀dọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi jókòó síwájú chaplain, igbákejì mi wà níwájú Ìmáàmù, a pe ara wa, a tan sípíkà fóònù kí gbogbo wa lè máa gbọ́. “Ẹ gbọ́ o, alàgbà ti mú bírò.” “Bàbá náà ti mú tiwọn.” Báyìí la ṣe rí ọwọ́ gbà. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé àwọn aṣáájú ẹ̀sìn kò fẹ́ra. Àwọn méjèèjì kàn ń sá fún kí a sọ pé òun ló kọ́kọ́ gbà ni.

Mo rò pé ó ti parí. Mo gbé e dé Student Affairs, ọ̀gá kan níbẹ̀ ka ìwé òfin wa, ó ka ẹ̀sìn mẹ́ta níbi tí a ti kọ àwọn tó lè wọ ẹgbẹ́. Ó bi mí pé ta ló fọwọ́ sí ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Mo ní ọmọ náà kò ní chaplain. Ó ní, “Ẹ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nígbà náà. Ẹ̀sìn méjì ni a mọ̀ níbí.” Mo bi í pé níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ó wò mí bí ẹni pé mo bú ìyá rẹ̀.

Kí o mọ èyí, nítorí ọmọ oníṣẹ̀ṣe wà láàárín yín: ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 38, fún gbogbo èèyàn lómìnira ẹ̀sìn, kò dárúkọ ẹ̀sìn kankan níbẹ̀. Abala 10 ní ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀sìn kan di ẹ̀sìn ìjọba. Abala 40 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ọmọ lọ́ọ̀ tó wà láàárín wa tẹ gbogbo rẹ̀ jáde, a mú un lọ. Ọ̀gá náà fi yẹ̀yẹ́ ṣe, ó ní “ẹ̀yin ọmọ lọ́ọ̀,” ó sì fi ife tíì lé ìwé náà lórí. Nítorí náà mọ òfin, ṣùgbọ́n má fi òfin wọlé sí ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ yẹn. Wọn ò fẹ́ kí ọmọdé ka òfin sí àwọn létí.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ọmọ náà fúnra rẹ̀ ní kí a fi òun sílẹ̀. Ó ní òun á kàn máa wá, orúkọ òun ò dandan. Ọmọ Ifá, kì í pariwo, òun ló máa ń to àga lẹ́yìn ìpàdé nígbà tí àwọn ọmọ pásítọ̀ àti ọmọ Alhájì bá ti sá lọ. A ní kò sí nǹkan tó jọ ọ́. Ó padà lọ sílé, ó gba lẹ́tà wá lọ́dọ̀ Àràbà ìlú wọn. Ṣé o mọ̀ pé lẹ́tà yẹn ní òòtẹ̀, ó ní nọ́ńbà fóònù, àkọlé orí rẹ̀ sì mọ́ ju ti dípáátímẹ́ǹtì wa lọ? Ọ̀gá yẹn yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ń wá ibi tí òun máa gbá mú. Kò rí. Ó gbà á.

Ó ṣeé ṣe kó rọrùn fún yín díẹ̀ báyìí, nítorí Ọ̀ṣun, Ògùn, Èkó àti Ọ̀yọ́ ti ń fún òṣìṣẹ́ nísinmi ní 20 oṣù kẹjọ fún Ìṣẹ̀ṣe. Tí wọ́n bá sọ fún yín pé àwọn ò mọ ẹ̀sìn náà, ẹ fẹ̀sọ̀ bèèrè pé kí ni wọ́n fi ọjọ́ yẹn ṣe.

Àgbàlagbà mìíràn nínú ọ́fíìsì náà tún jókòó tì mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pìtàn àgbélébùú Yunifásítì Ìbàdàn fún mi, èyí tó wà nítòsí mọ́sáláṣí, tó dá wàhálà sílẹ̀ láàárín ọdún 1985 sí 1986, tí wọ́n fi ní láti mọ nǹkan dí àárín méjèèjì. Ó ní nítorí irú èyí ni àwọn ṣe ń ṣọ́ra. Bàbá, wọn ò tíì bí mi! Ká ní irú ẹgbẹ́ tiwa wà níbẹ̀ nígbà náà ńkọ́? Mi ò sọ ọ́ síta o. Mo ní “ẹ ṣé sà.”

A fi ìwé sílẹ̀, ìyanṣẹ́lódì dé. O lè má tíì wọlé nígbà yẹn: ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, dáwọ́ dúró láti 14 oṣù kejì ọdún 2022 títí di 14 oṣù kẹwàá. SSANU àti NASU, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe olùkọ́, náà ṣe tiwọn láàárín rẹ̀, ìyẹn ni pé kò sí ẹni tó máa ṣí kọ́bọ́ọ̀dù pàápàá. Nígbà tí a padà dé, wọ́n ní àwọn ò rí fáìlì wa. Wọn ò tọrọ àforíjì, wọn ò wá a lójú wa. “Ẹ tún un kọ.” Ohun tó gbà wá ni pé igbákejì mi, ọmọ Accounting, ti mú kí wọ́n lu òòtẹ̀ gbígbà mọ́ ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ wa, pẹ̀lú ọjọ́. Ẹ má fi bébà kankan sílẹ̀ ní ọ́fíìsì yẹn láìjẹ́ pé wọ́n lu òòtẹ̀ mọ́ tiyín. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ tún rántí pé ọdọọdún ni wọ́n ń sọ ìforúkọsílẹ̀ dọ̀tun ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, ẹni tó bá gbàgbé á bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kìíní.

Láàárín ìyanṣẹ́lódì yẹn náà ni wọ́n pa Deborah Samuel ní Sókótó, 12 oṣù karùn-ún 2022. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ni, ọ̀rọ̀ orí WhatsApp kíláàsì wọn ló sì fà á. Ní ọjọ́ náà, orí WhatsApp tiwa gbóná débi pé àwọn méjì tí wọ́n ń jẹun nínú abọ́ kan náà ní họ́sítẹ́lì ń sọ ọ̀rọ̀ sí ara wọn tí mi ò lè kọ síbí. Mo ti ojú ewé náà pa títí di ọjọ́ kejì, mo wá pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lórí fóònù. O ní ẹ ti wà lórí WhatsApp, nítorí náà gbọ́ èyí dáadáa: ìkéde ìpàdé nìkan ni kí ẹ máa fi síbẹ̀. Kò sí fídíò oníwàásù, kò sí voice note lórí ẹ̀sìn, kò sí “mo kàn fẹ́ bèèrè ni o.” Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó gbé e wá sí ìpàdé, níbi tí a ti lè rí ojú rẹ̀. Kí WhatsApp yín ní alámòójútó mẹ́ta, láti ẹ̀sìn mẹ́ta.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn onímọ̀ tó máa ń ti Àbújá wá pẹ̀lú. Ọ̀gbẹ́ni kan wá fi sláìdì kọ́ wa ní ìfaradà, èmi tí akápò ẹgbẹ́ mi jẹ́ ọmọ Alhájì, tí ìyá rẹ̀ ń kọrin nínú kọ́áyà, tí bàbá àgbà rẹ̀ sì ń wọ eégún ní ọdọọdún. Kí ló fẹ́ kọ́ ọmọ yẹn? Ó ya fọ́tò wa, ó pín bébà tí a máa kọ orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti ẹ̀sìn wa sí, ó gbé e lọ. Títí dòní mi ò mọ ibi tí bébà yẹn wà. Ẹ má kọ ẹ̀sìn yín sí bébà ẹnikẹ́ni.

Adviser tí o bèèrè: kò dandan kó jẹ́ méjì, ó kéré tán ní ilé-ìwé tiwa. Ọ̀kan tó, kó má sì jẹ́ pásítọ̀ tàbí álífáà. Tiwa jẹ́ ìyá kan ní láíbúrérì. Ẹni tó bá ní ìjọ lẹ́yìn á fẹ́ bèèrè lọ́wọ́ ìjọ rẹ̀ kó tó fọwọ́ sí lẹ́tà tí ẹ máa fi gba gbọ̀ngàn ìpàdé, ẹ ó sì padà sí eré tí mo ń sọ lókè yẹn. Tí wọ́n bá fi dandan lé e pé méjì ni, ẹ ní mẹ́ta lẹ fẹ́, kí ọmọ Ifá yín náà mú tirẹ̀ wá. Wọ́n á padà sí ọ̀kan kíákíá.

Àkókò ìpàdé: Jímọ́ọ̀ ọ̀sán kò ṣeé ṣe, Sátidé kò ṣeé ṣe tí ẹ bá ní Adventist, torí Sátidé ni wọ́n ń jọ́sìn, Sọ́ńdè ẹ ti mọ̀. Tiwa máa ń wà láàárín Alásàrí àti Mọ̀gàríbì ní ọjọ́ Túsìdeè, kí àwọn ọmọ fẹ́lóṣíìpù tó ń lọ ní Wẹ́sìdeè lè ráyè. Ní ti àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí kálukú gbà á sínú. A gbìyànjú kí ẹnì kan máa gbà á ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé, ọmọ kan lo àǹfààní rẹ̀ láti lé ẹ̀mí èṣù jáde lára àwa yòókù. Oúnjẹ: ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin, ẹja. Ẹran máa ń mú ìbéèrè ẹni tó pa á wá, ẹ fi í sílẹ̀.

Ní ọdún 2026, ọjọ́ kan náà, 18 oṣù kejì, ni àwẹ̀ Ràmàdáánì àti Lẹ́ńtì, àwẹ̀ Kristẹni tó ṣáájú Ọdún Àjíǹde, bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa wo kàlẹ́ńdà fún irú ìyẹn, nítorí ìṣínu àpapọ̀ ló ń fa èèyàn ju ìjókòó àròjinlẹ̀ èyíkéyìí lọ. Àmọ́ má rò pé gbogbo Kristẹni ló ń gba Lẹ́ńtì o, ọ̀pọ̀ ọmọ fẹ́lóṣíìpù kò mọ̀ ọ́n rárá. Kátólíìkì àti Áńgílíkà ni kí o kọ́kọ́ bá sọ ọ́.

Lọ bèèrè pé irú fọ́ọ̀mù wo ni wọ́n ní lọ́dọ̀ yín, kí o tó dárúkọ ẹgbẹ́ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Tí wọ́n bá pín in sí méjì bíi tiwa, ẹ wá orúkọ tí kò ní “ẹ̀sìn” nínú. Ya fọ́tò rẹ̀ sí ibí, bo nọ́ńbà fáìlì, kí n bá ọ wò ó. Má tíì kọ nǹkan kan sí i.