Ta ni Mona Lisa, kí sì nìdí tí wọ́n fi fi orúkọ rẹ̀ pe Tutu?

Ìbéèrè: Mo kà á pé "Mona Lisa ilẹ̀ Áfíríkà" ni wọ́n ń pe àwòrán Tutu, ọmọ ọba Ilé-Ifẹ̀. Ta ni Mona Lisa yìí? Kí ló ní tí àwọn àwòrán yòókù ò ní?

Ìdáhùn: Èèyàn gidi ni. Lisa Gherardini ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Florence ní Ítálì ni wọ́n bí i sí ní 1479, ó sì fẹ́ Francesco del Giocondo, oníṣòwò aṣọ sẹ́dà. "Mona" kì í ṣe orúkọ àbísọ, bí ìgbà tí a bá ń pe èèyàn ní "Ìyáàfin" ni. Orúkọ ọkọ rẹ̀ ni àwọn ará Ítálì fi ń pe àwòrán náà: La Gioconda. Nǹkan bíi 1503 ni Leonardo da Vinci, ayàwòrán ará Ítálì, bẹ̀rẹ̀ sí í yà á. Àwọn kan máa ń jiyàn pé obìnrin mìíràn ló wà nínú rẹ̀, àfi ìgbà tó di 2005 tí wọ́n rí ọ̀rọ̀ kan ní Heidelberg, ní Jámánì, tí Agostino Vespucci, òṣìṣẹ́ ìjọba Florence, kọ sí etí ìwé kan ní oṣù kẹwàá ọdún 1503, pé Leonardo ń ya Lisa del Giocondo lọ́wọ́. Ìyẹn pa ọ̀pọ̀ lẹ́nu mọ́.

Àwòrán náà ò dé ọwọ́ ọkọ Lisa. Leonardo gbé e dání lọ sí ilẹ̀ Faransé, ibẹ̀ ló kú sí ní 1519, Ọba Francis Kìíní ló sì gbà á. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé ṣe ni àwọn ará Faransé kó o lẹ́rú láti Ítálì, ẹ má dá a lóhùn.

Iṣẹ́ ọwọ́ ibẹ̀ ò kéré. Orí pákó ló wà, kò ju sẹ̀ǹtímítà 77 sí 53 lọ, ọ̀pọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ rí i ló máa ń sọ pé, "Ṣé bó ṣe mọ náà nìyí?" Ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni Leonardo fi kùn ún léraléra. Kò fa ìlà sí igun ẹnu àti igun ojú rárá, òjìji ló fi pa ibẹ̀ dé. Bí ẹ bá ń wo ẹyinjú rẹ̀, ẹ ó rò pé ó ń rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá wá tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀, ẹ̀rín náà á pòórá. Àwọn ayàwòrán ti mọyì èyí tipẹ́. Síbẹ̀, láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí wọ́n díye lé àwọn àwòrán inú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Louvre ní Paris, 90,000 fáráǹkì ni wọ́n pè é. Wọ́n pe àwòrán kan tí Raphael, ayàwòrán Ítálì mìíràn, yà ní 600,000. Ẹ̀rín náà kúkú wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà yẹn o.

Olè ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ní ọjọ́ Ajé, 21 oṣù kẹjọ ọdún 1911, nígbà tí Louvre ò ṣí fún èrò, Vincenzo Peruggia, ará Ítálì kan tó ti bá wọn ṣiṣẹ́ gíláàsì níbẹ̀ rí, yọ àwòrán náà lára ògiri, ó gbé e lọ. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó fura. Àwọn ìwé ìròyìn gbé ojú Lisa sójú ewé kìíní káàkiri ayé, ẹni tí kò mọ ọ̀nà Louvre rí náà wá dá a mọ̀. Ọlọ́pàá ti akéwì Apollinaire mọ́lé, wọ́n fọ̀rọ̀ wá ayàwòrán Picasso lẹ́nu wò, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé àwọn èèyàn tò lọ sí Louvre láti lọ wo ara ògiri tó ṣófo! Inú yàrá Peruggia ní Paris níbẹ̀ ni àwòrán náà wà fún ohun tó ju ọdún méjì lọ. Oṣù kejìlá ọdún 1913, nígbà tó fẹ́ tà á ní Florence, lọ́wọ́ tẹ̀ ẹ́. Àwọn àgbà ní ọjọ́ a bá kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Nígbà tí Lisa fi padà sí Paris ní 1914, ó ti dère.

Ibí yìí gan-an ni Tutu ti bá a tan. Ọmọ Igbo ni Ben Enwonwu tó ya Tutu. Ilé-Ifẹ̀ ló ti rí Adétutù Adémilúyì, ọmọ ìdílé Ọọ̀ni, ó sì tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀ kó tó yà á. Ogun abẹ́lé ò tíì pẹ́ tó parí, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi rí i bí àmì ìlàjà. Ẹ̀dà bébà rẹ̀ wà lára ògiri ilé ọ̀pọ̀ èèyàn ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n mẹ́ta tí Enwonwu fọwọ́ ara rẹ̀ yà, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n wọlẹ̀ sí. Ìgbà tó di òpin 2017 ni wọ́n bá ọ̀kan, èyí tó yà ní 1974, nínú fúláàtì kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù kejì ọdún 2018, Bonhams, ilé iṣẹ́ tó ń ta nǹkan ní gbàǹjo, lu ú ní gbàǹjo ní mílíọ̀nù 1.2 pọ́ùn. Ẹni tó pè é ní Mona Lisa fẹ́ yìn ín ni, mi ò bá a jà. Tèmi ni pé Adétutù ní orúkọ, orúkọ náà sì dùn tó.

Lẹ́yìn olè, yẹ̀yẹ́ náà tún kún òkìkí Lisa. Ní 1919, ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Marcel Duchamp mú káàdì tí wọ́n tẹ àwòrán náà sí, ó fi lẹ́ẹ̀dì ya irunmú àti irùngbọ̀n sí i. Ní 1956, wọ́n da ásíìdì sí i, wọ́n tún sọ ọ́ lókùúta. Ní 1963 ó lọ sí Amẹ́ríkà, èrò tó wá wò ó lé ní mílíọ̀nù kan; ní 1974 ó dé Tokyo àti Moscow. Ẹ̀yìn gíláàsì tí ọta ìbọn ò lè wọ̀ ló wà báyìí, orí gíláàsì yẹn sì ni ọkùnrin kan fi kéèkì pa ní 2022.

Èrò tó ń wò ó pọ̀ débi pé ní oṣù kìíní ọdún 2025, Macron, Ààrẹ ilẹ̀ Faransé, kéde pé wọn yóò kọ́ yàrá tirẹ̀ lọ́tọ̀, tí yóò ní tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Bí ẹ bá débẹ̀ kí wọ́n tó gbé e kúrò, ẹ yíjú sẹ́yìn. Àwòrán ìgbéyàwó Kánà tí Veronese yà wà lára ògiri tó kọjú sí i. Ó fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà mẹ́wàá, ẹ ó sì ráyè dúró wò ó dáadáa, torí ẹ̀yìn ni gbogbo èrò kọ sí i.