Àdín àgbọn àti 50%: ẹ má tíì fi kún kọmíṣọ̀n yín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àgbádárìgì ni mo wà, àdín àgbọn ni mo ń ṣe, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ń tà á, ₦6,000 ìgò kan. Ẹni tó kọ́ wa ní òwò yìí ní bí kọmíṣọ̀n mi ò bá tó 50%, kò sí alágbàtà (ẹni tó ń fi líǹkì tirẹ̀ báni polówó ọjà, tó sì ń gba kọmíṣọ̀n lórí èyí tó bá tà) tó máa yà sọ́dọ̀ mi. Mo ti fún ẹni mẹ́ta ní 40%, ìgò 11 péré ni wọ́n tà lóṣù kan. Ṣé kí n gbé e dé 50%?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. 40% yẹn gan-an ti ń jẹ yín run. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àpẹẹrẹ ni mo fẹ́ lò, ẹ fi iye tiyín rọ́pò rẹ̀.

Ká ní àgbọn, iná àti owó àwọn tó ń rin àgbọn jẹ́ ₦2,700 lórí ìgò kan, kí ìgò àti lébẹ̀ẹ̀lì jẹ́ ₦450. Bí ó bá jẹ́ Paystack lẹ fi ń gbowó, wọ́n máa yọ 1.5% àti ₦100, ìyẹn ₦190. Ẹ fi ₦160 sílẹ̀ fún èyí tó bá jò. Ẹ má fojú kéré jíjò yìí: àdín àgbọn máa ń dì bí kò bá gbóná tó nǹkan bí 24°C, á sì tún yọ́. Nínú ọkọ̀ tó ń gbóná láti Àgbádárìgì dé Mile 2, ó máa ń gba abẹ́ ìdérí jáde bí kò bá sí fọ́ìlì tí wọ́n fi lẹ ẹnu ìgò pa. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦3,500. Ó ku ₦2,500. 40% lórí ₦6,000 jẹ́ ₦2,400. Ọgọ́rùn-ún náírà ló kù fún ẹ̀yin tí ẹ jí ní ìdájí lọ ra àgbọn. Bó bá di 50%, ẹ máa yọ ₦500 lápò yín kí ẹni ẹlẹ́ni tó bá yín ta ìgò kan.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta fídíò ẹ̀kọ́ àti ìwé orí fóònù ni 50% ti wá. Ẹni tó ti ká fídíò sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí 1,000 èèyàn bá rà á, kò ní fọ́ àgbọn kan sí i. Ìdí nìyẹn tí irú ọjà bẹ́ẹ̀ fi lè san 50% tàbí 75% lórí ClickBank, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí alágbàtà ti ń rí irú ọjà bẹ́ẹ̀ tà. Amazon, tó ti ń lo alágbàtà láti 1996, tó sì ń ta ohun tí à ń dì sínú páálí, ọ̀pọ̀ ọjà rẹ̀ kì í san ju 10% lọ, alágbàtà ò sì wọ́n ọn. Ó dùn mí pé wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ yín láti kọ́ yín ní ìṣirò ọjà ẹlòmíràn.

Alágbàtà tó mọṣẹ́ kì í wo 40% tí ẹ kọ. Iye tó ń wọlé fún un lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ líǹkì rẹ̀ ló ń kà. Ká ní 100 èèyàn tẹ̀ ẹ́, ẹnì kan péré rà: ₦2,400 ni, ìyẹn ₦24 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ká wá ní 15% lẹ̀ ń san, ₦900, àmọ́ ojú ewé yín dára débi pé ẹni mẹ́rin rà nínú 100: ₦3,600, ìyẹn ₦36. Bí ìpolówó Facebook bá ń ná an ní ₦30 lórí ẹnì kan tó tẹ líǹkì, 40% yín á kó o sí gbèsè, 15% á mú èrè wá. Àìtó àwọn tó ń rà lára àwọn tó ń tẹ líǹkì ló lè fà á tí ìgò 11 péré fi tà. Ojú ewé tí ẹ ti ń tà á ni kẹ́ ẹ tún ṣe. Ẹ ya fọ́tò ìgò náà gan-an nínú ìmọ́lẹ̀, ẹ kọ iye mìlílítà rẹ̀, kí ẹ sì kọ owó ìfiránṣẹ́ dé Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Ìkẹjà sókè níbi tí wọ́n á ti tètè rí i. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí owó yẹn nígbà tó fẹ́ sanwó, sísá ló máa ń sá.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 15%. Ẹni tó bá ta ju ìgò 20 lọ lóṣù, kí tiẹ̀ di 20%. ₦1,300 ṣì kù fún yín. Ẹ fi kún un díẹ̀díẹ̀, torí bí ẹ bá gbé e ga kẹ́ ẹ tó wá gé e, ìbínú ló ń dá sílẹ̀. Ní April 2020, Amazon gé kọmíṣọ̀n àga àti tábìlì láti 8% sí 3%, ọ̀pọ̀ alágbàtà ló sì fi ìbínú wọn hàn.

Ohun tó tún dáa jù ni kí ẹ ta ìgò mẹ́ta pọ̀ ní ₦17,000. Lẹ́yìn ìnáwó, ₦6,715 ló máa kù. 15% lórí ₦17,000 jẹ́ ₦2,550, ó ju ₦2,400 tí ẹ ń san tẹ́lẹ̀ lọ, ₦4,165 á sì kù fún yín. Owó ọjà nìkan ni kẹ́ ẹ ṣírò kọmíṣọ̀n lé lórí o, ẹ yọ owó ìfiránṣẹ́ kúrò.

Líǹkì nìkan ò tó. Lọ́dọ̀ wa níbí, èèyàn á tẹ líǹkì, á wá parí ọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, líǹkì ò sì ní mọ̀. Ẹ fún alágbàtà kọ̀ọ̀kan ní kóòdù tirẹ̀ tí oníbàárà máa sọ nígbà tó bá ń rà, kí ẹni tó bá sọ ọ́ jẹ ẹ̀dínwó ₦200. Ẹ ṣírò ₦200 náà mọ́ ìnáwó yín. Ẹ san kọmíṣọ̀n lọ́jọ́ keje lẹ́yìn tí ọjà bá ti dé ọwọ́ ẹni tó rà á, kí ó má lọ jẹ́ pé ẹ ti sanwó lórí ọjà tí wọ́n dá padà. Ẹ mú ọjọ́ kan, bí Friday, ẹ má sì yẹ̀ ẹ́.

Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé alágbàtà tó bá ní àdín yín ń wo ìtọ̀ ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru ti jáwọ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin ni NAFDAC máa wá bá. Ní ti owó orí, ẹ bi akáǹtáǹtì yín, n kì í ṣe lọ́yà.

Àwọn mẹ́ta tí ẹ ti ṣèlérí 40% fún, ẹ san án pé lórí ìgò 11 yẹn. Kẹ́ ẹ wá kọ̀wé sí wọn pé iye tuntun á bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn 30 ọjọ́, kí ẹ fi ìṣirò ìgò mẹ́ta yẹn hàn wọ́n nínú lẹ́tà kan náà.